Àdúrà Tí Ìyá Onílé Mi Gbọ́

Ọ̀sẹ̀ kejì tí èmi àti ọmọ mi kó dé basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Pineridge ní Calgary ni smoke alarm ké fún ìgbà àkọ́kọ́. Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ń di irun ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó wà lókè orí wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá onílé lókè náà sì gbè é. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn nípa bí àwọn ilé onípákó ìlú yìí ṣe máa ń jó, nítorí náà mi ò dúró wọ bàtà. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, ìdajì orí rẹ̀ ti di, ìdajì yòókù ṣì wà ní títú, a sáré gun àtẹ̀gùn wọ pálọ̀ ìyá onílé.

Iná kankan ò jó. Obìnrin náà dúró sáàárín pálọ̀, ó mú ìdì ewé gbígbẹ kan tó ń rú èéfín lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn, ó ń fi fẹ́ atẹ́gùn sí alarm kó lè dákẹ́. Gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀, òtútù January sì ń wọlé láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Èéfín tòní pọ̀ jù. Ilé ni mò ń gbá."

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí alarm dákẹ́ tí obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ìgbálẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ ló ń gbá, láti igun ilé lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú.

Mo ní, "Mà, kí lẹ ń gbá?"

"Gbogbo ohun tó kù sílé láti ọ̀sẹ̀ yìí. Àbúrò mi obìnrin wá láti Okotoks lọ́jọ́ Thursday, a sì bú ara wa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Pagan ni mí. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ kó o tó kó wọlé, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń sá."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo fa ọmọ mi padà sísàlẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ wàhálà wà. Níbi tí mo ti dàgbà, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní pagan. Kèfèrí là ń pè é, èébú sì ni. Ìyá tó bí bàbá mi ń bọ odò abúlé wọn. Nígbà tá a bá lọ kí i lásìkò ọdún, màmá mi á ti kìlọ̀ fún wa nínú mọ́tò pé a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu nílé rẹ̀. Àwa ọmọ á wá jókòó síwájú abọ́ ẹ̀wà tó sè dè wá, a ó máa sọ pé a ti yó. Ó máa ń gbé abọ́ náà padà. Mi ò ro ohunkóhun nípa rẹ̀ nígbà náà. Ọmọdé ni mí.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe dé Calgary. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn. Níbí, títí wọn á fi yẹ ìwé mi wò tán, iṣẹ́ tí mo rí ni ti health care aide ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ọkọ mi ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń dúró de visa. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Àǹtí ni mo ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n mi pátápátá ni, ọmọ rẹ̀ àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba. Ó ti pẹ́ nílùú yìí. Òun ló wá gbé èmi àti ọmọ mi ní airport, òun ló fún ọmọ náà ní jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó fi rìn nínú snow, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé mi lọ bá manager. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé lórí ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan, àwa obìnrin bíi méjìlá, àwọn kan ní Calgary, àwọn kan ní Edmonton àti Toronto. Orí fóònù la ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday àti Thursday, ọjọ́ tí èmi kì í ṣiṣẹ́, tí ọmọ sì máa ń wà nílé ìwé. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá onílé fún wọn, aṣáájú wa ò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ó ní, "Sister, ẹ kó jáde níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá yín níbẹ̀."

Mo wá ilé. Ibòmíràn tí mo rí, wọn ò fẹ́ ọmọ kékeré. Èyí tó fẹ́ ọmọ, ó jìnnà sí bọ́ọ̀sì. Mo dúró. Mo kàn fi òróró pa ilẹ̀kùn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo rí i pé ìyá onílé náà máa ń wọ́n omi iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kan náà láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é jálẹ̀ òtútù yẹn, òun ń wọ́n iyọ̀ lókè, èmi ń fi òróró pa á nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wá ń yọ̀ débi pé ọwọ́ kì í dúró lórí rẹ̀ mọ́.

Ìyá onílé náà ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn elépo kan ní downtown títí tó fi fẹ̀yìntì. Orúnkún ń dùn ún. Kò ṣe wá ní ibi kankan. Bí snow bá ti bọ́, kí n tó jí, á ti kó èyí tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀yìn wa kúrò, tòun ti orúnkún yẹn. Tó bá fi tíì lọ̀ mí, màá ní mo ti mu tèmi.

Ọmọ mi ò ṣe bíi tèmi. Ọmọ ọdún méje ni. Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ lọ sókè, ó sì ń lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n jọ ń ṣe lọ́hùn-ún.

Ó ní, "We put seeds in egg boxes. Mummy, she's nice. She says sorry to spiders."

Mo ní, "Ṣé ó sọ nǹkan kan fún ẹ nípa ẹ̀mí, nípa Èṣù?"

"She doesn't have a devil. I asked her."

Ní oṣù March, wàhálà tèmi dé níbi iṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àdúrà nìyí: pé ẹnì kan ń jowú mi, pé ó lọ rojọ́ mi fún manager, pé wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ti gba shift méjì lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀. Manager ò sọ ẹni tó wá sọ fún un, àmọ́ èmi mọ̀. Àǹtí ni. Òun nìkan ló wà nítòsí lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Aṣáájú wa béèrè orúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, a kọjú sí i. Màá gbé fóònù sórí tábìlì, màá ṣí i sí speaker, màá máa rìn yí basement ká, màá máa pàtẹ́wọ́. Ariwo àdúrà wa kì í ṣe kékeré. A ní kí gbogbo ẹni tó bá dìde sí ògo mi kú. A sọ ọ́ ní Yorùbá, a sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì torí àwọn tí wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú wa: die, die, die. Tí mo bá parí, ara mi á gbóná, ohùn mi á ti há, màá sì rò pé mo ti ṣe nǹkan.

Níbi iṣẹ́, mi ò kí Àǹtí mọ́. Tó bá wọ yàrá tí mo wà, màá jáde. Mo máa ń rán voice note sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Brampton, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú méje, Àǹtí nìkan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Oorun dá lójú mi. Ọjọ́ kan, ọmọ mi da mílíìkì sórí tábìlì, mo jágbe mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tó ní òun ò jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó jáde, kò wò mí lójú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àdúrà yẹn, lọ́sàn-án Thursday, bí mo ṣe pa fóònù, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá onílé ni. Ó fọwọ́ di igi àtẹ̀gùn mú, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í sábà wá sísàlẹ̀. Mo fún un ní àga. Ó jókòó.

Ó wá ní, "Ohùn máa ń gba inú vent, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, gòkè nínú ilé yìí. Mi ò fetí kọ́ ẹ o. Mo lè gbọ́ ẹ bí ẹni pé inú kíṣìnnì mi lo wà. Èdè yín ò yé mi, àmọ́ die yé mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kàn fẹ́ mọ̀, ta ni o fẹ́ kó kú? Ṣé èmi ni?"

Ojú tì mí débi pé mo dìde, mo tún jókòó. Obìnrin yìí ti ń kó snow ojú ọ̀nà mi láàárọ̀, ó sì ń jókòó lókè lọ́sàn-án, ó ń gbọ́ tí mò ń ní kí ẹnì kan kú, ó ń rò ó bóyá òun ni.

Mo ní, "Rárá o, mà! Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Kì í tiẹ̀ ṣe èèyàn. Ẹ̀mí búburú là ń bá jà."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀mí náà lórúkọ?"

Orúkọ wà, mo sì ti pè é nígbà mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

Ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí fún un, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́: owú, ẹjọ́ rírò, shift méjì. Ó ń mi orí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni inú tún ń bí mi, mo sì wá ṣe ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àdúrà títí dòní. Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú nǹkan wọ̀nyí, ṣé ẹ ò lè bá mi ṣe nǹkan kan sí i? Kì í ṣe kó kú o. Kí wọ́n ṣáà gbé e kúrò níbẹ̀."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Rárá. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń gbé ayé mi, pé mi ò ní ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Mi ò ní ṣe é fún ọ̀rẹ́, mi ò ní ṣe é nítorí ìbínú. Ká tiẹ̀ ní mo lè ṣe é, mi ò ní ṣe é. Ohun téèyàn bá sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lójoojúmọ́, inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń dì í. Wo ojú ẹ. Wo ọmọ ẹ."



Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnì kankan nínú àwa méjìlá orí fóònù ò bi mí rí. Ó ní, "Ohun tí obìnrin náà sọ fún manager, ṣé òótọ́ ni?"

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ẹnu mi ò gbé e.

Òótọ́ ni. Bàbá arúgbó kan wà tí mo máa ń fún lóúnjẹ ọ̀sán, àgbẹ̀ tó ti fìgbà kan ní màlúù rẹpẹtẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ṣíbí kan, kéèyàn dúró, kó wo ọ̀fun rẹ̀ bóyá ó ti gbé e mì, ká tó fún un ní òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi pè. Wọ́n kọ̀ láti fún un ní visa. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ gbé fóònù lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé e. Mo fi èjìká há a mọ́ etí, mo ń sunkún, mo sì ń bá fífún bàbá lóúnjẹ lọ láì wo ojú rẹ̀. Oúnjẹ há a lọ́fun. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fọwọ́ gbá tábìlì. Èmi, nọ́ọ̀sì, mo dúró gbagidi. Àǹtí ló sáré wá láti tábìlì kejì, ó tẹ bàbá síwájú, ó gbá a lẹ́yìn títí oúnjẹ náà fi jáde. Ó nu ẹnu bàbá, ó sì lọ.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì sọ fún manager lọ́jọ́ náà. Ohun tí òfin iṣẹ́ wa wí nìyẹn, ohun tí mo sì ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kékeré ní Ìbàdàn nìyẹn. Mi ò sọ ọ́. Mo ní bàbá ò kú, kí ni ti ariwo?

Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá onílé tán, mò ń retí kó bá mi wí. Ó kàn fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí alarm ké, mo gbá gbogbo ilé yìí, ó mọ́. Ara mi fúyẹ́. Síbẹ̀, mo ṣì ní láti pe àbúrò mi lọ́jọ́ kejì, torí èmi ni mo kọ́kọ́ bú u. Ìgbálẹ̀ ò bá mi pè é."

Kó tó gòkè lọ, ó ní tí mo bá fẹ́, òun lè wá bá mi gbá ìsàlẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní màá gbá a fúnra mi. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò fẹ́ yí padà, kò sì bẹ̀ mí pé kí n yí padà. Ó kàn sọ fún mi nípa ohun kan tó máa ń ṣe lóṣooṣù, pé láti ọjọ́ tí òṣù bá lé títí dọjọ́ tó máa kún, òun kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí kò bá sí níjòókòó, àfi ọ̀rọ̀ tí inú onítọ̀hún á dùn láti gbọ́. Ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ó le ju gbígbá ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí àwọn fèrèsé kékeré basement, òtútù wọlé. Mo fi ọṣẹ fọ gbogbo ilẹ̀, mo ń kọ orin ìsìn. Lẹ́yìn náà mo jókòó láti pa àwọn voice note tí mo ti rán sí Brampton rẹ́. Mo ní kí n tẹ́tí sí ọ̀kan kí n tó pa á. Ìṣẹ́jú méje ni. Ìṣẹ́jú kẹta ni mo pe Àǹtí ní àjẹ́. Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn mi ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó pa tirẹ̀ náà rẹ́. Ní ti ọ̀sẹ̀ kan láì sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí ọ̀rẹ́ mi bá pè, mi ò rí nǹkan kan sọ. A kàn ń bi ara wa pé kí la sè.

Ọjọ́ Monday ni mo lọ bá manager, mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an fún un, tòun ti ẹkún àti fóònù. Ó ní òun ti mọ̀, òun dúpẹ́ pé mo sọ ọ́, shift náà ò sì ní tíì padà. Mo lọ kí bàbá àgbẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé wọ́n ti fún àwọn màlúù lómi.

Àǹtí wà ní staff room, ó ń jẹun. Mo kúnlẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ sínú microwave yíjú padà, ó bi mí pé kí ló bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Ó dúró títí tí obìnrin tó wà nídìí microwave fi jáde. "Èmi ni mo lọ sọ fún un. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ fún ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró kó o lọ sọ ọ́ fúnra ẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ọ́, pé á sọ ọ́ lónìí, á sọ ọ́ lọ́la. Tí bàbá yẹn bá kú sí ẹ lọ́wọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà."

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Àmọ́ mo ti pinnu pé mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ mọ́, mo sì sọ fún un pé mo ti ń gbàdúrà lé e lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Irú àdúrà wo?"

Mo sọ irú èyí tó jẹ́.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ? Èmi tí mo lọ gbé ẹ ní airport?" Omi wá sójú rẹ̀, èyí tí mi ò tíì rí rí. Ó dé oúnjẹ rẹ̀, ó gbé e, ó sì jáde.

Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ju ti iṣẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan. Mo ń kí i láràárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń dáhùn pẹ̀lú orí. Mi ò dá a lẹ́bi. Nígbà míràn mo máa ń rò ó pé ǹ bá má sọ ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn fún un, pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ara mi ni mo wá tí mo fi sọ ọ́. Mo bi ìyá onílé. Ó ní òun náà ò mọ̀.

Mo sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà pé mi ò ní lè gba irú àdúrà yẹn mọ́, pé ẹni tá à ń pè lọ́tàá, òun ló gba èèyàn là, èmi ni mo ṣẹ̀. Aṣáájú wa wá ní ìyá onílé mi ti rí mi mú. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa gbàdúrà fún ara mi. Mo kúrò lórí ìlà náà, mi ò sì padà. Ìjọ mi ni mo ṣì ń lọ lọ́jọ́ Sunday.

Ní oṣù June, lọ́jọ́ tí oòrùn pẹ́ jù lọ lójú ọ̀run, ìyá onílé pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti ń retí àwọn èèyàn tó ń dẹ́rù bani. Àwọn tó wá ni obìnrin tó ti wa bọ́ọ̀sì rí, tíṣà kan àti ọkọ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà mìíràn tí wọ́n gbé àga wọn dání. Ìdì ewé tí wọ́n sun, rosemary inú ọgbà rẹ̀ ni. Ọmọ mi bi í pé kí ló dé tí kò lo ewé sage bíi tinú fídíò. Ó ní ìyẹn, tàwọn onílẹ̀ ibí ni, òun ò lè kó nǹkan onínǹkan. Wọ́n dúró yípo, olúkúlùkù ń sọ ohun tó fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní irọ́ kékeré. Ẹnì kan ní bíbínú sí ọmọ òun tó kú. Èmi ò wọ inú òbìrìkítí náà, mo jókòó sórí àga mi, mo sì gbàdúrà tèmi wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ mo sè mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Èmi náà jẹ tiwọn. Mo rántí ìyá bàbá mi bí mo ṣe ń jẹun. Ó ti kú tipẹ́, kò sí bí mo ṣe lè lọ jẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́.

Oṣù October, snow dé lójijì. Mo dúró ní ibùdókọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, bọ́ọ̀sì ò dé. Mọ́tò Àǹtí dúró síwájú mi, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

Ó ní, "Wọlé."

Mo wọlé. A dé traffic light kẹta.

Ó ní, "Visa ọkọ ẹ ńkọ́?"

Mo ní, "A tún béèrè fún un, mà. Wọ́n ti fún un. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa dé."

Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbé mi tí òjò dídì bá ń bọ́, a ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pè mí wá sílé rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó gbọ́ òórùn rosemary láti òkè, ó bi mí ní wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé obìnrin yìí kì í ṣe àjẹ́. Mo ní kó lọ bá a tún tapú tó ń jò ṣe. Wọ́n jọ wà nídìí tapú yẹn fún wákàtí méjì, ó padà wá pẹ̀lú kéèkì. A lo ọdún kan sí i níbẹ̀ kí a tó kó lọ sí ilé tó tóbi díẹ̀. Ìwé nọ́ọ̀sì mi ti jáde báyìí. Ìyá onílé ta ilé náà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Okotoks. A máa ń wa mọ́tò lọ kí i, ọmọ mi ló sì máa ń ní ká lọ.

Lọ́jọ́ Sunday kan tí kò tíì pẹ́, èmi àti obìnrin kan nínú ìjọ ń to àga lẹ́yìn ìsìn. Òun náà ti gbọ́ ìtàn basement yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé kèfèrí lonílé yín nígbà yẹn?"

Mo ní, "Òótọ́ ni. Pagan ló ń pe ara rẹ̀."

"Ẹ ò wàásù fún un?"

"Mo sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún un. Òun náà sọ tirẹ̀."

"Ṣé ó wá gba Jésù?"

Mo ní, "Rárá, kò gbà á."

Ó dúró, ó ń wò mí, bóyá ó ń retí kí n fi nǹkan kan kún un. Mo ní kó bá mi di apá kejì tábìlì kan mú, a sì jọ gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn.